Yàrá Àlejò Inú Kọ̀ǹpútà Bàbá Mi

Ọdún tí kọ̀ǹpútà wọ ilé wa ní Òkè-Baálẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo sì gbà tọkàntọkàn pé kò sí ohun tí àgbà kò mọ̀. Kọ̀ǹpútà yẹn ló wò mí sàn. Bàbá mi, tí wọ́n ń pè ní Ràfíù, ló gbé e wálé nínú bọ́ọ̀sì láti Àbẹ̀rẹ̀, ó gbé e lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun, wọ́n sì ní ó san owó èrò méjì. Iṣẹ́ bàbá mi ní ọ́fíìsì ìjọba ni pé kó mọ ibi tí gbogbo fáìlì wà. Kò sí nǹkan mìíràn tí wọ́n ń san owó oṣù fún un lé lórí. Nítorí náà, ohun tí kò bá ti sí ní àyè rẹ̀ máa ń bí i nínú ju irọ́ lọ. Ó to bàtà wa láti orí èyí tó tóbi dé orí èyí tó kéré, ó to ṣíbí, ó ti gbìyànjú rí láti to àwọn adìẹ. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà sí pálọ̀, wọ́n fi ògbólógbòó ìró Ìyá Àgbà bò ó nítorí eruku, Ìyá Àgbà sì kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ jẹun níwájú rẹ̀, kó má baà máa wo ẹnu wa.

Bí mo bá di ojú mi báyìí, ariwo ilé náà ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́ kí n tó rí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ Bàbá Alájì ló ń jí wa. Yẹkínì lorúkọ wọn, àwọn ni àkọ́bí Ìyá Àgbà, télọ̀ sì ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní ojúde ilé gan-an. Bí wọ́n bá ti kírun tán ni ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, yóò sáré, yóò dúró, wọn yóò bú òwú, yóò tún sáré. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ìbejì, Kẹ́yìndé àti Táíwò, àwọn tí wọn kò tíì gbéyàwó nígbà náà, tí wọ́n sì ń ja ìjà ẹni tó kọ́kọ́ dé kànga ní gbogbo òwúrọ̀ ayé wọn. Bàbá mi ló tẹ̀ lé wọn. Àǹtí Sàídátù ni àbíkẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Pólì, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló sì ń kọ́. Ìyàwó Bàbá Alájì àti àwọn ọmọ wọn ń gbé ní Iléṣà níbi tó ti ń ṣòwò, nítorí náà ìyá mi nìkan ni ìyàwó tó wà nínú agboolé lójoojúmọ́. Ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ni. Tíṣà ni, ṣùgbọ́n ó wà nílé lọ́dún náà nítorí àbúrò mi, Láṣíìdì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Àwọn ará ilé kì í yé fi èdè rẹ̀ ṣeré, nítorí pé bí inú rẹ̀ bá ti dùn jù tàbí tó bàjẹ́ jù, ilé a di "ulé" lẹ́nu rẹ̀, iṣẹ́ a sì di "uṣẹ́". Òun náà a máa gún iyán fún wọn lọ́jọ́ Sunday, wọn a sì dákẹ́ ẹ̀fẹ̀ títí di Monday.

Ohun tó kó wa sí wàhálà ni fọ́tò. Bàbá mi ti kó gbogbo fọ́tò ilé lọ sí ọ̀dọ̀ ayàwòrán kan, ó ní kó bá òun kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, irinwó fọ́tò ó lé díẹ̀. Ayàwòrán dá bébà padà nínú páálí, bàbá mi gbé páálí náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn, ó sì gbàgbé rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń to adìẹ! Nígbà tí òjò fi dá, ikán ti jẹ ẹ́ kanlẹ̀, kò ku ju igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin páálí lọ. Kò sí ẹni tó pariwo mọ́ ọn, ìdí sì ni pé ọ̀ràn náà kọjá ariwo. Ìyá Àgbà ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mùínátù, tó wà láàárín bàbá mi àti Àǹtí Sàídátù, tí àìsàn mú lọ kí ìyá mi tó wọ ilé náà. Fọ́tò kan ṣoṣo ló yà rí láyé, ó sì wà nínú páálí yẹn. Bébà ti lọ. Ohun tó kù ni èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pàtó nínú irinwó. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti kú, kò sí ẹni tó tún dárúkọ rẹ̀ létí Ìyá Àgbà, òun fúnra rẹ̀ kò sì dá a. Inú ọ̀rọ̀ àwọn ìbejì nídìí kànga ni mo ti gbọ́ ọ.

Lọ́dún náà ojú Ìyá Àgbà ń ṣú. Ó ń kí igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé, ó sì ń bínú pé kò dáhùn. Dókítà dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ Monday kan, ó sì jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn: ó ní ojú náà lè là, ó sì lè má là. Ìyá Àgbà gbọ́, kò sunkún, ó kàn pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, ó ní, "Kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn mí lójú, mo fẹ́ rí gbogbo ọmọ mi. Gbogbo wọn. Ẹ tò wọ́n síbẹ̀, kí oníkálukú wà nínú yàrá tirẹ̀, kí n máa wọlé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan." Bó ṣe wí "gbogbo wọn" yẹn, kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tó ń bá wí. Bàbá mi ní kò sí wàhálà. Kò sí ọ̀rọ̀ tí à bá sọ fún un láyé yìí tí yóò dùn mọ́ ọn tó pé kó to nǹkan.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní ni pé kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, nítorí pé nọ́ńbà lásán ni ayàwòrán fún wọn. Bàbá mi yan ìyá mi sí iṣẹ́ náà, nítorí òun ló wà nílé, òun ló sì ní sùúrù. Ohun tó sọ fún un kò ju báyìí lọ: "Ìyá Rúka, ẹni tó o bá rí nínú fọ́tò, orúkọ rẹ̀ ni kó o fi sọ ọ́." Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó lọ sí Àbẹ̀rẹ̀. Rúka ni èmi. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá mi fi jókòó síwájú ẹ̀rọ náà, Láṣíìdì lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀wé bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, èmi sì jókòó tì í, mo ń bá a wá ibi tí lẹ́tà wà. Kọ̀ǹpútà náà ti dàgbà kó tó dọ́dọ̀ wa. Kí ó tó ṣí fọ́tò kan, ènìyàn lè gbálẹ̀ ojúde tán. Ìyá mi kò kánjú. Bí fọ́tò bá ṣí, a wò ó, a rẹ́rìn-ín, a sọ ọ́ lórúkọ.

Ìgbésẹ̀ kejì ni ìwé orúkọ, òun ló sì fẹ́ tú ilé ká. Àǹtí Sàídátù ṣàlàyé pé bí òun bá ṣe yàrá fún oníkálukú, kọ̀ǹpútà yóò tò wọ́n ní a, b, d. Bàbá Alájì bi í pé ibo ni Yẹkínì yóò wà. Ó ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni, sà. Bàbá Alájì yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́. "Láṣíìdì tó ń tọ̀ sára, òun ni yóò wà lókè mi?" Wọ́n ní wàláì, ẹ̀rọ tí kò mọ àgbà kò ní sùn nínú ilé bàbá àwọn. Bàbá mi ní kò burú, kí a fi nọ́ńbà ṣíwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, bí oníkálukú ṣe wọlé sí: ẹni tó kọ́kọ́ wọ ilé yìí ni ìkíní, yálà wọ́n bí i sí i ni tàbí wọ́n gbé e níyàwó wá. Ìyá Àgbà di ìkíní. Bàbá Alájì di ìkejì, ara wọn balẹ̀. Àfi ìgbà tó kan àwọn ìbejì. Táíwò dìde, ó ní ìwọlé ni wọ́n wí, òun ló sì kọ́kọ́ wọlé, ìyá àwọn jókòó síbẹ̀, kí wọ́n bi í. Kẹ́yìndé ní òun lòun rán an níṣẹ́ pé kó lọ wo bí ayé ṣe rí. Táíwò ní ta ló gbọ́ ọ nígbà tó ń ránni? Ọ̀rọ̀ yìí gba ọjọ́ méjì, wọ́n ń jẹun ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyá Àgbà ló parí rẹ̀, ó ní àbọ̀ iṣẹ́ tí Táíwò jẹ́ ò tíì dé ọ̀dọ̀ òun títí di òní, nítorí náà kí ó lọ jókòó sí ipò kẹrin.

Bí ìwé orúkọ ṣe rí níkẹyìn rèé: Ìyá Àgbà, Yẹkínì, Kẹ́yìndé, Táíwò, Ràfíù, Sàídátù, ìyá mi, èmi, Láṣíìdì. Mẹ́sàn-án, láìka àwọn tó ń gbé ní Iléṣà. Bàbá Àgbà ti kú kí n tó dáyé, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò rí. Bàbá mi kò kọ Mùínátù. Ó gbé bírò sókè níbẹ̀, mo rí i, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì kọ Sàídátù. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, áńbọ̀sìbọ́sí èyí tó ti lọ. Ó dá mi lójú lónìí pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé fọ́tò ọmọ náà yóò ṣẹ́ kù nígbà tí oníkálukú bá ti gba tirẹ̀, òun yóò sì rọra fi í han ìyá òun láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tó fi sọ fún Àǹtí Sàídátù pé kó ṣe yàrá kan sẹ́yìn, kó pè é ní Àlejò, kí gbogbo fọ́tò tí kò bá lólúwa lọ wọ̀ síbẹ̀.

Sunday tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ṣe é, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Kò sí iná. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ jáde, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ wa ní ìwà kan: ó fẹ́ kí ènìyàn fi ìka di nǹkan kan mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò kú. Bàbá mi ló rà á, òun ló sì ń dì í mú. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó dá gbogbo ètò náà sílẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó lóṣòó, kò rí nǹkan kan, kò gbọ́ nǹkan kan, ó kàn ń kígbe lóòrèkóòrè pé, "Ṣé ó ti parí?" Ìyá mi wà ní ẹ̀yìnkùlé nídìí odó. Àwọn ọmọ Ìyá Àgbà ló ń ṣèpàdé, ìyàwó kì í jókòó síbẹ̀ bí wọn kò bá pè é.

Àǹtí Sàídátù ti kọ àṣẹ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ìlà mélòó kan péré, ó ní lúùpù ni wọ́n ń pè é. Bàbá Alájì ní kò ní tẹ ohunkóhun títí yóò fi kà á sí àwọn létí ní èdè tí ìyá àwọn gbọ́. Ó ṣàlàyé pé ó dà bí ìgbà tí a bá ń pín sàráà: wọn a pe ẹnì kan, wọn a bu tirẹ̀ fún un, wọn a pe ẹni tó kàn, iṣẹ́ kan náà, títí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ilé yìí..."

"Àmín," ni Ìyá Àgbà wí.

"Kọ́ yàrá fún un."

"Àmín!" Ó ti di ti gbogbo ilé.

"Kí gbogbo ohun tó bá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kó wọ inú yàrá rẹ̀."

"Àmín, yà Àlà!" Àwọn ìbejì ti tẹ́wọ́.

"Kó tẹ̀ síwájú lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn, títí dé orí ẹni ìkẹyìn. Ó parí."

Bàbá Alájì fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú wọn rẹ́ bí a ti ń ṣe lẹ́yìn àdúà, wọ́n ní kó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Mo ti rò pé ilé yóò mì. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ẹ̀rọ náà fi dákẹ́, yàrá mẹ́wàá sì jáde sójú rẹ̀, mẹ́sàn-án tó ní nọ́ńbà, àti Àlejò. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà ti ń kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ jẹun fún ọdún pípẹ́ báyìí, n kò sì tíì rí èyí tí wọ́n ṣe Àmín sí tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ṣí yàrá Ìyá Àgbà, òfìfo ni. Àǹtí Sàídátù rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá òun ló ṣì í tẹ̀. Ó ṣí ti Bàbá Alájì, òfìfo. Ó ṣí ti Kẹ́yìndé, ó ṣí ti Táíwò, kò sí èèrà níbẹ̀. Táíwò tilẹ̀ ní ìwọ̀nba ìdùnnú kan, nítorí pé òfo ti Kẹ́yìndé kò pọ̀ ju tòun lọ. Yàrá bàbá mi ṣófo, ti Àǹtí Sàídátù fúnra rẹ̀ ṣófo. Nígbà tí wọ́n dé yàrá tèmi, ó kún bámúbámú, fọ́tò méjìléláàádọ́rùn-ún, èyí àkọ́kọ́ tó sì ṣí níbẹ̀ ni bàbá mi nínú agbádá. Bàbá Alájì wò mí. "Kí ni bàbá rẹ ń ṣe nínú yàrá rẹ?" Wọ́n ní kí Àǹtí Sàídátù ṣí yàrá Àlejò. Àlejò tó wà níbẹ̀ lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Ó ṣí àkọ́kọ́, a dúró, a dúró, ó ṣí: àgbò Iléyá. Ó ṣí ìkejì: àgbò yẹn náà, ó kọjú sí apá kejì. Ìkẹta, àgbò. Àǹtí Sàídátù bú sẹ́kún, ó ní òun ti pa fọ́tò àwọn àgbà rẹ́, lúùpù òun ti jẹ wọ́n. Ojú Ìyá Àgbà kò kúrò lára gíláàsì náà. Ó ní, "Àwọn ọmọ mi dà?" Ohùn rẹ̀ kéré.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí yàrá kejì, gbogbo ara mi ni mo sì fi mọ̀ ọ́n, nítorí èmi ni mo bá ìyá mi wá lẹ́tà. Ìyàwó ilé kì í pe àwọn tó bá nílé ní orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n. Ọkọ ni wọ́n jẹ́ fún un, títí dé orí ọmọ ọwọ́ tó bá ṣáájú rẹ̀ dé ilé, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ bá fún wọn ni yóò máa pè wọ́n títí ayé. Ìyá mi kò ní pe Yẹkínì ní Yẹkínì bí iná tilẹ̀ ń jó o lẹ́yìn, báwo ni yóò ṣe wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́? Ó ti pe oníkálukú ní orúkọ tó ń pè é. Bàbá mi rò pé ó yé e, òun náà rò pé ó yé bàbá mi. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ kò tíì gbọ́ rí pé bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí wọ́n ṣe rán an ló jẹ́ ẹ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà." Bàbá Alájì ní kí n lọ bu omi wá fún Ìyá Àgbà. Mo bu omi, mo padà dé, mo ní, "Bàbá Alájì, orúkọ tí màámi..." Wọ́n ní kí n lọ wò ó bóyá àgbò ṣì wà ní ìso. Ó wà ní ìso. Nígbà tí mo fi dé, Bàbá Alájì ti dìde dúró, wọ́n ń na ìka sí kọ̀ǹpútà. "Èmi Yẹkínì, àkọ́bí bàbá mi, n kò ní fọ́tò kan ṣoṣo, àlejò ọ̀ọ́dúnrún ń sùn nínú ilé! Àgbò! Sàídátù, kó gbogbo wọn jáde. Pa yàrá náà rẹ́." Àǹtí Sàídátù ní ohun tí òun bá pa rẹ́ nínú irú kọ̀ǹpútà yìí kì í padà mọ́, sà. Wọ́n ní kí wọ́n má padà. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní kí n lọ ra obì wá.

Títí dòní n kò tíì ra obì náà. Ẹ̀yìnkùlé ni mo sáré gbà, mo kọjá lára bàbá mi tó ń kígbe pé "Ṣé ó ti parí?", mo sì sọ fún ìyá mi pé wọ́n fẹ́ pa gbogbo ọkọ rẹ̀ rẹ́. Ó ju ọmọ odó sílẹ̀. Bó ṣe wọ pálọ̀, iyán wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, Láṣíìdì ń mì lẹ́yìn rẹ̀, Àǹtí Sàídátù sì ti kọ àṣẹ náà tán, ó ku kó tẹ̀ ẹ́. Ìyá mi kúnlẹ̀ gbì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é, sà. Àwọn ọkọ mi ló wà níbẹ̀. Kò sí àlejò kankan nínú wọn."

Ó ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ náà hàn gbangba tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ti gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹtí Sàídátù nu ojú, ó ní kò burú jù, òun yóò tún lúùpù kọ, kí ìyàwó kàn fi orúkọ tó pe oníkálukú síwájú, kí ó fi orúkọ gidi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ní òun yóò sọ ti iwájú, ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbẹ́ kò ní ti ẹnu òun jáde, kí olórúkọ dáhùn fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. "Agùntáṣọọ́lò." Bàbá Alájì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo tán, wúkọ́, wọ́n fa ẹ̀wù, wọ́n ní, "Èmi ni," pẹ̀lú ohùn kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. "Apọ́nbéporẹ́." Kẹ́yìndé nawọ́. "Dúdúyẹmí." Táíwò dìde dúró láti dáhùn. "Akọ̀wé." Àǹtí Sàídátù ní òun ni, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ṣì wà lójú rẹ̀. "Ìyá wa." Ìyá Àgbà mi orí. "Bàbá Rúka." Kò sí ẹni tó dáhùn, mo wá kígbe pé òun ló wà nídìí jẹnẹrétọ̀, ìyẹn ni pé nítorí orúkọ mi tó wà lára orúkọ rẹ̀ ló ṣe bá ara rẹ̀ nínú yàrá mi.

"Eyínfúnjowó," ni ìyá mi wí.

Kò sí ẹni tó dáhùn. Àwọn ìbejì wo ara wọn lẹ́nu. Bàbá Alájì ka àwọn tó wà níjókòó, wọ́n tún wọn kà. Wọ́n ní, "Ta ni yẹn? Gbogbo wa ti dáhùn." Ìyá mi dorí kodò. "Fọ́tò kan péré ló ní, sà. N kò lè dá orúkọ rẹ̀." Bàbá mi tún kígbe láti ẹ̀yìn ògiri pé ṣé ó ti parí.

Ìyá Àgbà ló dáhùn. Ó ní, "Mùínátù ni."

Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan ló ṣí yẹn. Ìyá Àgbà yí ojú tó ti ń ṣú náà sí ìyá mi. "Ìyàwó mi, àwọn tí ìyàwó bá nílé ló ń fún lórúkọ. O ò bá a nílé."

"Mo bá a ní ulé, Ìyá." Ìyá mi kò gbé orí sókè. "Ọjọ́ kìn-ín-ní tí mo gbé omi wá fún un yín, orúkọ rẹ̀ lẹ fi pè mí. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ò mọ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti wà ní ulé yìí ṣáájú mi. Nígbà tí mo rí ojú kan tó jọ tiyín nínú fọ́tò, tí n kò bá pàdé rí, mo mọ̀ pé òun ni."

"Kí lo wí nígbà tí mo pè é?"

"Mo jẹ́ 'mà', Ìyá. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo jẹ́ ẹ."

Ìyá Àgbà na ọwọ́ síwájú, ó ń wá orí ìyá mi, ó rí i, ó sì gbé ọwọ́ náà lé e. Àǹtí Sàídátù ṣí fọ́tò náà, kọ̀ǹpútà sì ń fà á jáde láti òkè wá sísàlẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, gèlè kọ́kọ́, lẹ́yìn náà iwájú orí, lẹ́yìn náà ojú. Ìyá Àgbà sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi kan gíláàsì. Nígbà tó dé ibi ẹnu, ó kígbe, "Eyín rẹ̀ rèé! Ẹ wo eyín ọmọ mi!" Inú mi bàjẹ́, inú mi sì dùn, n kò tíì mọ̀ nígbà náà pé méjèèjì lè gbé inú ènìyàn kan náà. Nígbà tó wò ó tẹ́rùn, ó ní, "Sàídátù, kọ ọ́ sí ipò rẹ̀. Kí oníkálukú sún."

Oníkálukú sún. Mùínátù gba ìkẹfà, Àǹtí Sàídátù di ìkeje, ìyá mi di ìkẹjọ, mo di ìkẹsàn-án, Láṣíìdì sì di ìkẹwàá. Àǹtí Sàídátù tẹ̀ ẹ́, yàrá tún jáde. Ibẹ̀ la ti rí i pé kọ̀ǹpútà náà kò mọ mẹ́wàá. Lójú tirẹ̀, nọ́ńbà tó bá ti fi 1 bẹ̀rẹ̀, bíi 10, ẹ̀yìn 1 ló yẹ kó wà, kó tó kan 2. Ìyá Àgbà ló wà lókè, Láṣíìdì tó ń da itọ́ sí ìyá mi lẹ́yìn ló tẹ̀ lé e, Bàbá Alájì sì wá wà lábẹ́ Láṣíìdì. Àǹtí Sàídátù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ó ní òun yóò tún un ṣe kíákíá. Bàbá Alájì la ẹnu. Wọ́n wo ìyá wọn, tí imú rẹ̀ ṣì wà lára gíláàsì, tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n pa ẹnu dé, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.